Ilẹ̀kùn Tí Yèyé Kùn Lọ́dà

Òórùn ọ̀dà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo jáde síta, mo bá Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, lórí àpótí, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ń kun ilẹ̀kùn àbáwọlé ilé wa ní Iléṣà. Ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe ilẹ̀kùn lásán. Bàbá Yèyé, agbẹ́gilére pọ́ńbélé, ló gbẹ́ ẹ fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin wà lára rẹ̀, obìnrin tó pọnmọ wà níbẹ̀, òyìnbó tó dé akoto, tó gun kẹ̀kẹ́, náà ò gbẹ́yìn.

Òmìnira ò tíì pẹ́ tó dé nígbà náà. Òyìnbó kan tó ti ń kó ohun àtijọ́ jọ fún mùsíọ̀mù ilẹ̀ wa láti ayé ìjọba wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo àwọn ilẹ̀kùn àdúgbò wa. Inú Yèyé dùn débi pé kò lè jẹun. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé bàbá òun mọ igi í gbẹ́. Àmọ́ èéfín ti sọ ilẹ̀kùn di dúdú kirikiri. "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀," ni Yèyé wí. "Àlejò kì í bá ìdọ̀tí ní ulé mi."

Ló bá fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún láti òkè délẹ̀. Ó bu ọ̀dà pupa fún èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ kí n fi kun ètè àwọn ère. Mo kun ti obìnrin, mo kun ti òyìnbó, ọwọ́ mi yá, mo kun ti ẹṣin pẹ̀lú.

Nígbà tí òyìnbó dé, ó wo ilẹ̀kùn wa, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ògbufọ̀ rẹ̀ ní ọ̀gá òun ní iṣẹ́ náà dára, àmọ́ ohun àtijọ́ lòun ń wá. Ilé kejì ni wọ́n yà sí, níbi tí ikán ti jẹ ilẹ̀kùn dé ìdajì, tí àwọn onílé ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ìdọ̀tí. Wọ́n fi kúbùsù wé e, wọ́n rọra gbé e sínú jíìpù bí ọmọ tuntun.

Yèyé bi ògbufọ̀ léèrè pé, "Kí ni bàbá mi ṣe fún yín?" Ògbufọ̀ wọ jíìpù, wọ́n lọ. Yèyé sunkún, èmi náà sunkún, torí ó dá mi lójú pé ètè ẹṣin ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí mo dàgbà, mo lọ kí ọmọ mi nílùú òyìnbó, ó mú mi lọ sí mùsíọ̀mù wọn. Ilẹ̀kùn ilé kejì ni mo bá nínú gíláàsì, tòun ti ojú ikán. Bó ṣe débẹ̀, n ò mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ilẹ̀kùn Yorùbá ni, pé a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ó dùn mí wọra.

Tiwa ṣì wà ní Iléṣà, adìẹ ń gba ibẹ̀ wọlé. Kò sí àlejò tó rí i tí kì í dúró béèrè, mo sì máa ń dárúkọ bàbá Yèyé fún wọn títí á fi sú wọn. Lọ́mọdé, mo sunkún pé wọn ò gbé e lọ. Bí òyìnbó bá tún ránṣẹ́ lónìí pé òun ń bọ̀, èmi fúnra mi ni n ó sáré lọ ra ọ̀dà.