Ojú Tó Wà Lára Àpò

Bí ẹ kò bá gbóòórùn igbá tó ń rà nínú omi rí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òórùn yẹn ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé bàbá ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Bàbá àgbà a ti ri igbá tútù sínú kòtò omi lẹ́yìnkùlé kí inú wọn lè rà, kó tó ha wọ́n, kó sá wọn, kó sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ọ̀bẹ láti fín ọnà sí wọn lára. Òórùn náà a wọ inú aṣọ, a wọ inú ẹ̀kọ, a sì bá mi lọ sílé ìwé nínú yúnífọ́ọ̀mù mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa dimú. Èmi náà a dá wọn lóhùn pé igbá tí wọ́n ń dimú sí yìí, ọkọ̀ ojú irin ló máa wọ̀. Ìgbà wo ni àwọn wọ̀ ọ́ rí?

Ìyẹn máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, nítorí kò sí ojú irin ní Ọ̀yọ́, kò sì sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí n má purọ́, èmi náà kò tíì rí ọkọ̀ ojú irin nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sọ́jọ́ tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé wa.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Bùwàké ló ń gbé, ní ilẹ̀ Àìfọ̀rì Kóòsì, níbi tó ti ń bá àwọn oníṣòwò di ẹrù sínú wágọ́nù. Ojú irin tó ń bá ṣiṣẹ́ gbéra láti etí òkun ní Àbíjáǹ, ó gba inú igbó lọ sí ọ̀dàn, ó kọjá ibodè, ó sì dé Wágádúgù nílẹ̀ àwọn Mọ̀sí. Epo, sìmẹ́ńtì, obì àti ẹja gbígbẹ ló ń gbé gòkè. Màlúù, àgbò, àlùbọ́sà àti òrí ló ń gbé sọ̀kalẹ̀. Igbá bàbá àgbà wà lára àwọn ẹrù tó ń gòkè, nítorí àwọn obìnrin Fúlàní ilẹ̀ lọ́hùn-ún fẹ́ràn igbá fínfín láti fi gbé wàrà lọ sọ́jà.

Bí bàbá mi bá wálé fún Iléyá, a máa lọ bá a nílé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lábẹ́ igi máńgòrò, bàbá mi a fi igi fa ojú irin náà sínú iyanrìn fún mi. Ó ní àwọn Faransé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n fipá kó ni wọ́n sì fi gbẹ́lẹ̀. Wọ́n là á díẹ̀díẹ̀, ogun dé, wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Odò Ọya ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, torí etí Ọya ni wọ́n ní ó ń lọ. Kò dé etí Ọya rí. Níbẹ̀ ni bàbá mi máa ń rẹ́rìn-ín. “Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,” a wí. “Àwọn Faransé ò wolé.” Lẹ́yìn náà a fi kún un pé, bí irin ò bá tiẹ̀ dé Ọya, àwọn ọmọ tí Ọya ń ṣàn lẹ́bàá ilé wọn ti lọ bá irin.

Ojú irin kan ṣoṣo ni, òun náà ni lílọ, òun náà ni bíbọ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ láti òkè, èyí tó ń gòkè gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní téṣàn kan kó dúró dè é, ọ̀gá téṣàn a sì kọ́kọ́ tẹ téṣàn iwájú láago kó tó jẹ́ kó kúrò. Bàbá mi lè wà lórí àpò ẹrù níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. “Ẹni tó bá kánjú lójú irin,” a wí, “iwájú ló ti máa pàdé ẹni tí kò fẹ́ pàdé.” Èmi àti àwọn ọmọ ilé a máa fi agolo mílíìkì ṣe wágọ́nù, a fi okùn so wọ́n, a sì máa jà lórí ẹni tó yẹ kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi kì í yà.

Àwọn Yorùbá tó ń ná ojú irin yẹn ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà sààmì sẹ́rù. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ẹrù, òjò lè pa á, atẹ́gùn lè gbé e lọ, àwọn alágbàrù kò sì lè kà á. Nítorí náà, ọ̀dà dúdú ni àwọn èèyàn wa fi ń kọ ilà ojú ẹni tó lẹ́rù sára àpò ìdọ̀họ. Bí o bá kọ pélé, àpò rẹ a kọ pélé. Gọ̀ǹbọ́ ni bàbá mi kọ, ilà tó ti ẹ̀gbẹ́ orí ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo àpò tó bá sì jẹ́ tirẹ̀ ló kọ gọ̀ǹbọ́. Kò sí téṣàn tí irú àpò bẹ́ẹ̀ lè ṣìnà dé tí ọmọ Yorùbá kan kò ní wò ó, kó ní, “Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni ẹrù yìí, ẹ gbé e sápá kan.” Síbẹ̀, bàbá mi kò gbà kí wọ́n kọlà fún èmi ọmọ rẹ̀. Ó ní ayé ti yí.

Ìyá mi náà gbà pé ayé ti yí. Àbàjà ló wà lójú tirẹ̀, ilà mẹ́rin mẹ́rin tó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, bíi ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Aṣọ ló ń rán, àwọn oníbàárà rẹ̀ tó jẹ́ olójú dídán sì máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú rẹ̀ ti dàgbà jù ú lọ. Láràárọ̀, níwájú dígí, a fi àtíkè dí àwọn ilà náà bí ẹni tó ń rẹ́ ògiri. Èmi a dúró tì í, a máa ṣe mí bíi kí n bi í pé kí ló ṣe é.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí gbogbo ìlú ń pariwo Sáàpù, ètò ìjọba tó mú kí gbogbo nǹkan wọ́n, bàbá àgbà fín igbá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ti sọ fún wa pé iṣẹ́ ńlá tí òun máa ṣe kẹ́yìn nìyí. Nígbà tí a fẹ́ di ẹrù, bàbá mi kò sí nílé. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ gbé ọ̀dà, ó sì kọ àbàjà sára àpò kọ̀ọ̀kan, ó fara balẹ̀ ṣe é bí ẹni ń fín igbá. “Èmi ni mo fín in,” ó wí. “Ojú mi ni kó gbé rìn.” Inú gbogbo wa dùn, kò sì sẹ́ni tó rántí gọ̀ǹbọ́. Bọ̀dá Sámúẹ́lì, dẹ́rẹ́bà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, tó máa ń fi lọ́rì ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Àbíjáǹ, ló wá kó wọn.

Ẹrù lọ, a ò gbúròó ẹrù. Nígbà tó yá, a ò gbúròó bàbá mi mọ́. Rédíò ń sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì tó ni ojú irin náà fẹ́ pín in, kí kálukú máa ṣe ti ilẹ̀ rẹ̀, bí ọmọ bàbá kan náà ṣe máa ń pín ilé ogún. Iléyá dé, bàbá mi kò wá. Wọ́n pa àgbò ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò lè jẹ ẹran. “Sùúrù ni baba ìwà,” ni ìyá mi ń wí ṣáá, ṣùgbọ́n mo rí i tó rán aṣọ kan, tó tú u, tó tún un rán, tó tún tú u. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Lọ́kàn tèmi, ọkọ̀ méjì ti pàdé lórí ojú irin kan ṣoṣo yẹn, bàbá mi sì wà nínú ọ̀kan.

Ọ̀sán gangan ni Bọ̀dá Sámúẹ́lì dé sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò tíì jókòó tó fi ní, “Ẹ kú ilé o, Ìyá Rábì. Bàbá Rábì wà láàyè, ara wọn le bí òkúta. Ojú ni wọn ò ní.”

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bọ̀dá Sámúẹ́lì wá ṣàlàyé. Nítorí ọ̀rọ̀ pípín yẹn, wọ́n ti dá wágọ́nù dúró létí ibodè, wọ́n sì já gbogbo ẹrù sílẹ̀. Ìwé ẹrù sọnù mọ́ àwọn akọ̀wé lọ́wọ́. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ olórí àwọn Yorùbá níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Ibodè, ló kó gbogbo àpò tó kọlà sínú ọgbà rẹ̀. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá wá gbẹ́rù, yóò dúró ti àpò, Bàbá Ibodè yóò fi ojú rẹ̀ wé ti àpò. Bàbá mi dé pẹ̀lú gọ̀ǹbọ́ rẹ̀, ó ní ẹrù àna òun ni. Bàbá Ibodè wo bàbá mi, ó wo àpò. “Ojú tó wà lára àpò yìí kọ́ ló wà lórí ọrùn rẹ,” ó wí. “Olè tó ti pe ara rẹ̀ ní àna èèyàn níwájú mi ò lóǹkà. Lọ mú ẹni tó ni ojú yìí wá.”

Bàbá mi bẹ̀bẹ̀ títí, kò gbà. Òjò sì ti sún mọ́lé, omi kò gbọdọ̀ kan igbá yẹn nínú àpò kó má baà bu. Bàbá mi wá jókòó tì wọ́n, ó ń fi tapólì bò wọ́n, ó ń ṣí wọn sí oòrùn. Ohun tó rán Bọ̀dá Sámúẹ́lì ni pé òun ò lè fi iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá sílẹ̀ kí òun wálé. “Wọ́n ní ojú wo làwọn máa fi wo Bàbá?” Bọ̀dá Sámúẹ́lì wí.

Bàbá àgbà dìde, ó ní òun ló fà á, òun ló máa lọ. Orúnkún rẹ̀ dá a padà sórí àga. Gbogbo wa wá yíjú sí ìyá mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Ojú tí mò ń fi àtíkè bò,” ó wí, “òun náà ni wọ́n wá ń ránṣẹ́ pè!” Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹkún sì ni lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa bá lọ́rì Bọ̀dá Sámúẹ́lì lọ, ó fi ọṣẹ dúdú fọjú, ó fi òrí pa á, ó sì fi àtíkè sílẹ̀ níwájú dígí, kò fọwọ́ kàn án. Àbàjà náà ń dán. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí gbogbo ojú ìyá mi, mo sì mọ̀ pé arẹwà ni.

Lẹ́yìn tó lọ tán, mo lọ sídìí ààrò, mo mú èédú, mo fa ilà mẹ́rin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, mo fa gọ̀ǹbọ́ tí kò gún sí èkejì. Bàbá àgbà rí mi, ó ní kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Mo sọ fún un pé bí èmi bá sọnù, kò sẹ́ni tó máa mọ ilé tó yẹ kí wọ́n dá mi padà sí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ojú mi mọ́ra, ó wò ó pẹ́ pẹ̀lú ojú bàìbàì rẹ̀. “Èyí tí Ọlọ́run fín ti wà níbẹ̀,” ó wí. “Ìwọ ni o ò rí i.” Mi ò gbà á gbọ́. Mo kàn fọ èédú náà torí pé ó ń yún mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Fèrè lọ́rì Bọ̀dá Sámúẹ́lì ni mo gbọ́, mo sì sáré jáde láì wọ bàtà. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀, bàbá mi tẹ̀ lé e, ó ti gbẹ, ó ti dúdú, ẹ̀rín ló sì gba gbogbo ojú rẹ̀. Mo di mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sunkún débi pé mi ò lè kí i káàbọ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá àgbà níbẹ̀, ó ní wọ́n ti tà tán, igbá díẹ̀ ló sán. Ìyá mi ròyìn bí Bàbá Ibodè ṣe ní kí òun dúró ti àpò, tó yí ojú òun sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń yan igbá lọ́jà, tó wá pariwo pé, “Ẹlẹ́rù dé!” Bàbá mi ní, “Wọ́n ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ojú ìyàwó mi ni mo fi ṣòwò, mo sì jèrè.” Ẹ̀rín bàbá àgbà dé ìta.

Láti ọjọ́ náà, ojú méjì ni àpò wa ń ní: gọ̀ǹbọ́ bàbá mi ní apá kan, àbàjà ìyá mi ní apá kejì. Wọ́n pín ojú irin yẹn lóòótọ́, ọkọ̀ ṣì ń kọjá ibodè náà, àpò wa sì ń bá a kọjá. Ìyá mi kò ra àtíkè mọ́.

Mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ṣe rí nígbà yẹn lọ. Mo ti rí ọkọ̀ ojú irin náà fúnra mi. Eruku pọ̀ lára rẹ̀, kò gùn tó èyí tí bàbá mi fà sínú iyanrìn, mo sì kí i bí ẹni kí ẹ̀gbọ́n. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tí bàbá àgbà kọ́ níṣẹ́ ló ń fín igbá fún mi ní Ọ̀yọ́, èmi sì ń di wọ́n ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù mi ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nọ́ńbà fóònù mi wà lára àpò, ṣùgbọ́n ọ̀dà dúdú náà wà níbẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù dúró, ó ń wo àwọn ilà náà. “Mọ́mì, ṣé lógò yín nìyí?”

Mo yí àpò náà fún un. “Bàbá mi nìyí,” mo wí. Mo tún un yí. “Ìyá mi nìyí.”

Ó wo àpò lápá méjèèjì, ó gbójú sókè wo ojú mi tí ẹnikẹ́ni ò kọlà sí rí. “Ẹ jọ wọ́n o, Mà,” ó wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ sí kíláàsì. Mo gbé ọ̀dà sílẹ̀, mo jókòó. Láti ìgbà tí mo ti fi èédú kun ojú ni mo ti ń dúró de ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.