Wọ́n Ní Kí Bọ̀dá Mi Mu Wáìnì Kẹ́yìn

Mò ń ya irun ọmọ mi ní Àkúrẹ́ nígbà tí ìyá mi pè láti Oǹdó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bọ̀dá mi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun lẹ́yìn ogun apá Àríwá, àwọn wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ti wá kìlọ̀ pé, nítorí ó ń wúkọ́, kó máa mu wáìnì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kẹ́yìn gbogbo ìjọ. Wọ́n ní ta ló mọ ohun tí ṣọ́jà ń kó bọ̀ látinú igbó.

Ọsibítù ológun ti yẹ itọ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní ikọ́ fée. Èéfín ló bà á lọ́fun jẹ́. Ìwé àyẹ̀wò náà wà lápò rẹ̀, ẹnì kankan ò béèrè. Àwọn kan náà ló ń fi ohùn dídùn gbàdúrà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún "àwọn ọmọ wa lójú ogun." Àṣé ojú ogun ni wọ́n fẹ́ káwọn ọmọ náà wà títí.

Èmi náà ò sàn jù wọ́n lọ. Nígbà tí bọ̀dá mi kọ́kọ́ yà sílé mi, ọjọ́ méjì ni mo fi ya kọ́ọ̀pù rẹ̀ sọ́tọ̀, títí ó fi gbé ìwé náà sórí tábìlì. Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi àti ọmọ mi bá bọ̀dá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Oǹdó. Wọ́dìn àgbà pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, ìlera ìjọ la ń rò."

"Bàbá, ṣé ẹ ti ka ìwé rẹ̀?" ni mo bi í.

"Ìwé ṣọ́jà? Ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń kọ síbẹ̀."

Ó sín sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ náà bọ ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́.

Nígbà tí gbogbo ìjọ yòókù mu tán, bọ̀dá mi ò dìde. Ó ní òun á padà sí Màìdúgùrì, ó kéré tán, wọ́n ń fún òun lómi mu níbẹ̀. Mo fà á lápá. Ó kúnlẹ̀, ó mu; mo kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e, mo mu. Àlùfáà nu ẹnu ife náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wa. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń nù ún fáwọn tó kù.

Nígbà tí à ń lọ sílé, ọmọ mi rọra bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé àrùn ọ́ńkù máa pa wá ni?"

Mo ní, "Rárá. Ara ọ́ńkù le. Tí ò bá sì le lọ́jọ́ kan, a máa gbé e lọ sọ́sibítù, ilé wa ló sì máa padà sí. Àwọn tí o rí yẹn, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn ò sì fẹ́ ka ìwé ọ́ńkù. Máa kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Má ṣáà fìwà jọ wọ́n."