Ìdọ̀bálẹ̀ Táyọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkẹ́rẹ́, àárín orí mi pá nítorí ìkòkò omi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ pọnmi lódò kí ẹ tó lọ síléèwé, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Tí a bá ti odò dé, a ó gbálẹ̀, a ó jẹ iṣu àná tí wọ́n yí lẹ́yìn iná, tòun ti epo pupa. Ẹni tó bá fọ́ ìkòkò yóò kúnlẹ̀, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè, ìyà náà yóò sì jẹ ẹ́ dójú àmì.

Èmi ni mo máa ń pọn àbúrò mi, Táyọ̀. Ó ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì fi ọmú sílẹ̀. Bí ìyá wa bá yà sí ẹ̀yìnkùlé lásán, igbe á ta. Bàbá wa á ní, "Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun." Gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá, ìyá wa lóyún. Láyé ìgbà náà, bí oyún bá ti dé, ọmọ gbọ́dọ̀ já lẹ́nu ọmú dandan. Wọ́n fi ewúro pa ọmú. Táyọ̀ fajú ro, ó ń mu ún lọ. Wọ́n wá ní kí á gbé e lọ sí àbà Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá wa, lọ́nà Ìsẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dáko kòkó. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé e, kí ó lè rí ojú tó mọ̀. Àwọn àgbà sì kìlọ̀ pé ìyá wa kò gbọ́dọ̀ yọjú síbẹ̀ àfi ìgbà tí ọmọ bá ti gbàgbé. Ojú oorun ni wọ́n ti yọ ọ́ lẹ́yìn ìyá wa, kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó dàbọ̀.

Háà, igbe ọmọ náà nígbà tó jí! "Ulé," ni ó ń wí, bí àwa ará Èkìtì ti ń pe ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ń na sí ọ̀nà tí a gbà wá. "Ulé, ulé," títí ohùn fi há. Ìyá Àgbà kì í ṣe ìkà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó ń sun ìgbín fún un, ó ń gún iyán tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ nítorí tirẹ̀, ó ń gbé e wo adìyẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí á mú un padà, á ní, "Àgídí ni. Má dá a lóhùn, yóò gbàgbé." Mo ń sá kòkó sórí ẹní, òórùn kòkó kíkan gba gbogbo àbà, Táyọ̀ wà lẹ́yìn mi, omijé rẹ̀ ń rin aṣọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dákẹ́. Kò pe ulé mọ́. Ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn, èèpo kòkó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi ṣeré. Ohun tí a bá fi sí i lẹ́nu, á gbé e mì. Àwọn ọmọ àbà pè é wá ṣe bojúbojú, ó kàn ń wò wọ́n ni. Ni Ìyá Àgbà bá bú sí ijó. "Ó ti gbàgbé o! Orí wa ṣe é!" Ó ránṣẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́ pé ọmọ ti já lẹ́nu ọmú, pé kò sí ọmọ tó dáa tó o. Ó tún kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀. Àlejò yòówù tó bá dé, Táyọ̀ á na gbọọrọ sílẹ̀, wọ́n á yìn ín, wọ́n á fún un ní ẹ̀pà. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ kí ó sunkún, ṣùgbọ́n ta ni kí n sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún?

Lẹ́yìn tí a ti ká kòkó tán ni ìyá wa dé, tòun ti oyún ńlá, tòun ti àkàrà tó fi ewé dì. Láti ojú ọ̀nà ló ti ń kì í, "Àjàní, ọkọ mi! Àjàní!" Táyọ̀ dìde. Ó ń lọ bá a, ọkàn mi fò fún ayọ̀. Nígbà tó dé iwájú rẹ̀, ó na gbọọrọ sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó ń retí kí wọ́n ní kí ó dìde, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn tó ń wá ra kòkó.

Ẹ̀rín sọ. "Ẹ wo ọmọ tó mọ̀wà!" Ìyá wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àkàrà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ọmọ náà sì gan bí igi ìdáná. Àfìgbà tí ìyá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, tó bú sẹ́kún.

Táyọ̀ dàgbà, ó sì di ènìyàn. Ó kọ́lé fún ìyá wa. Bó bá ti ìdálẹ̀ dé, á dọ̀bálẹ̀ tagbádá tagbádá, á kó ẹrù sílẹ̀, á sì lọ jókòó sórí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Kò ṣe àìdáa kan rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń ya irun fún ìyá wa lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ó ní, "Ọmọ tí mo fi ránṣẹ́ sí àbà, òun kọ́ ni wọ́n dá padà fún mi." Mo ń ya irun náà lọ.

Lóde òní, àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ fún àwọn abiyamọ pé ọkàn ọmọ ọwọ́ náà ń gbọgbẹ́, pé kí wọ́n má máa yọ́ lọ mọ́ ọmọ lójú. Láyé tiwa, a rò pé ohun tí ọmọ kò lè sọ, kò mọ̀ ọ́n ni. N kò bú àwọn àgbà wa, ibi tí òye wọn mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí di òní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ń mú ọmọ rẹ̀ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ náà di ìró rẹ̀ mú, ó ń ké tantan. Àwọn aládùúgbò ní ó ti bà á jẹ́. Ojú tì í, ó wá ń wò mí bóyá n ó bá a wí.

Mo ní, "Gbé e mọ́ra, sọ fún un pé o ń bọ̀, kí o sì tètè padà. Jẹ́ kó ké. Ó ṣì mọ ẹni tó ń sunkún sí."