Òkúta Tí Bàbá Kì Í Fomi Kàn

Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ti bàbá onílé wa ní àdúgbò Al-Hujun, nígbà tí mo ń kàwé ní Mẹ́kà. Ó ní òkúta dúdú kan tí ohun funfun wínníwínní ń dán lára rẹ̀ bí iyọ̀. Atukọ̀ kan tó rí i lẹ́nu òkè tó ń yọ iná ló fún un ní èbúté Jídà. “Èémí ilẹ̀ ló dì báyìí,” ni bàbá máa ń wí, á sì rọra fẹ́ eruku ara rẹ̀. Kì í fomi kàn án, torí yíyọ́ ló máa yọ́.

Àlàájà kan wá ṣe Háájì, ó dé sílé wa.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n rẹ ẹ́ sínú omi Sámúsámù fún ọmọ mi tí ara rẹ̀ ò yá.”

“Májèlé ni, Àlàájà.”

“Òkúta Mẹ́kà, májèlé? Ẹ kúkú ní ẹ ń ṣahun.”

Kí Àlàájà má bàa mú òkúta náà, bàbá ń gbé e sápò kiri. Kí Àlàájà tó padà sílé, òógùn ti yọ́ gbogbo funfun náà tán. Bàbá wò ó títí, ó ní, “Ọmọ ọlọ́mọ ò ṣáà mu ún.”

Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ jogún ilé. Ọmọ Àlàájà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ìyá rẹ̀ ṣì ń sọ pé ahun ni bàbá.