Àwọn Ìbéèrè Tó Fi Sílẹ̀

Gíá ọkọ̀ mi ló pa wá pọ̀. Ó kọṣẹ́ lórí fíríwéè láàárọ̀ ọjọ́ kan, mẹkáníìkì sì sọ pé ó máa pẹ́ kí òun tó rí òmíràn tó bá a mu. Ní Dallas, ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò ní ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ní ìhà Balch Springs, àwọn aláìsàn wa kò sì lè máa dúró de nọ́ọ̀sì tí kò rí ọkọ̀ wọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Arlington, ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mo gbé e síwájú Ọlọ́run. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ọmọbìnrin ará Íńdíà tó ń gbé ní òdìkejì ilẹ̀kùn mi nínú àpátímẹ́ǹtì wa kan ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, mo rí i pé wọ́n wọ́ ọkọ̀ yín wálé. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ yín ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

Mo ní màá máa bá a ra gáàsì sínú ọkọ̀.

"Mi ò fẹ́ owó. Ìbéèrè ni kí ẹ máa bi mí."

Ó na ìwé kan sí mi tó nípọn bí Bíbélì ìdílé. Gẹ̀ẹ́sì la máa ń sọ síra wa, èmi pẹ̀lú ohùn Ògbómọ̀ṣọ́, òun pẹ̀lú ohùn ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n "Àǹtí" tó ń pè mí kò nílò ògbufọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó jù wọ́n lọ nílé wọn náà nìyẹn.

Ìwé ìmọ̀ gbogboògbò ni, fún ìdánwò tí wọ́n fi ń mú àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà. Ìpele mẹ́ta ló ní. Ní ti àkọ́kọ́, wọ́n á kọ ìdáhùn mẹ́rin sábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, èèyàn á mú ọ̀kan. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ ló máa jókòó kọ ìwé gan-an, lẹ́yìn náà ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀ bí eṣú, àwọn tí wọ́n ń mú kò tó nǹkan. Ó ti ṣe é kó tó wá sí Amẹ́ríkà, ìpele àkọ́kọ́ ló sì ti já a sílẹ̀. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ dìde fún ọ̀gá tó bá wọlé. Ó fẹ́ kí ọmọ òun jẹ́ ẹni tí wọ́n ń dìde fún. Ọmọ náà alára fẹ́ ẹ, ju iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ní Dallas lọ. Àmọ́ ọjọ́ orí ti ń lé e. Ọdún yẹn ni ìkẹyìn tí òfin gbà á láyè. Bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, ó parí.

Báyìí ni mo ṣe di olùkọ́ ohun tí n kò mọ̀. Òun á máa wa ọkọ̀, èmi á gbé ìwé lé itan.

Nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọ wa, níbi tí mo ti kọ́ ìwé kíkà, a kì í ka akọ́sórí bákan ṣáá. Wàá kọ́kọ́ sọ orí àti ẹsẹ, wàá ka ọ̀rọ̀ náà, wàá tún sọ orí àti ẹsẹ, kó lè ní ìdè lórí àti nídìí. Bí mo ṣe ní kó máa ka òfin ilẹ̀ wọn nìyẹn.

"Abala kẹtàdínlógún," á wí, ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárì. "A ti fòpin sí kíka ẹnikẹ́ni sí ẹni àìfọwọ́kàn. Abala kẹtàdínlógún."

"Kó dún sókè!"

"Àǹtí, ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn ń wò mí."

"Jẹ́ kó máa wò. Òun kọ́ ló ní ìdánwò."

Èmi náà kọ́gbọ́n. Mo mọ̀ báyìí pé ọ̀pọ̀ odò ńlá gúúsù Íńdíà ló ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n odò Narmada ní àárín ilẹ̀ náà gba ìwọ̀-oòrùn lọ. Lọ́jọ́ kan, a kan Adágún Chad, wọ́n ní kí ó mú àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Ó ní Chad, Niger, Nàìjíríà àti Benin.

"Benin bọ́ síbẹ̀ láti ibo? O gbé ọmọ Nàìjíríà sínú ọkọ̀, o wá ju Cameroon sígbó."

"Ó dáa. Kí ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Mizoram nílẹ̀ wa?"

Mo yára ṣí ìwé.

"Òjóró nìyẹn, Àǹtí!"

Òfin mìíràn wà tí mo gbé ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀. Olùkọ́ wa kì í gba "mi ò mọ̀" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dákẹ́ á wà lórí ìdúró títí ẹ̀kọ́ á fi parí. Ẹni tó bá ṣì í sọ, wọ́n á tún un ṣe fún un, á sì jókòó. Nítorí náà, bí ọmọ yìí bá ti ń lọ́ra, màá ní, "Sọ nǹkan! Ìgbàgbọ́ kì í yadi." Á sì sọ nǹkan. Nígbà tó yá, kò sí ìbéèrè tí kì í dáhùn mọ́, inú mi sì ń dùn. Wọ́n ti tún ọkọ̀ mi ṣe nígbà náà, ṣùgbọ́n a ṣì jọ ń lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣe ìdánwò àfidánrawò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò fi ìkankan sílẹ̀. Nígbà tó wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ojú rẹ̀ ti wú. Máàkì rẹ̀ kéré sí èyí tó ń gbà kó tó mọ̀ mí.

"Báwo ló ṣe jẹ́?"

"Àǹtí, bí mo bá kùnà ọ̀kan, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì rẹ̀ kúrò nínú èyí tí mo ti ní. Èyí tí mo bá fi sílẹ̀, wọn ò ní yọ nǹkan kan. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ fo ọ̀kan, ohùn yín ni mò ń gbọ́."

Mo gbé tíì fún un. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dídákẹ́. Bí mo bá bi í, á ní, "Mo mọ̀ ọ́n," tàbí, "Mo lè yọ méjì kúrò nínú mẹ́rin," tàbí, "Mo fò ó." Bó bá ti ní òun fò ó, n kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Ó nira fún mi ju fún un lọ.

"Ojú yín ń pariwo, Àǹtí."

"Ojú ọ̀nà ni kí ìwọ máa wò."

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀ sí Íńdíà, ó ní òun fẹ́ bá mi lọ sí ìjọ wa ní DeSoto. Kì í ṣe Kristẹni. Àwòrán òrìṣà ilé wọn wà lórí sẹ́ẹ̀fù nínú kíṣìnì rẹ̀, n kò sì bá a jà sí i. Mò ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́ lórúkọ Jésù, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dúpẹ́. Lẹ́yìn ìsìn, màmá tó jẹ́ olórí àwọn ìyá aládùúrà wa gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Lórúkọ Jésù, kò ní sí ìbéèrè kan tí kò ní dáhùn!"

Àwọn obìnrin ké Àmín. Mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí i létí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó la ojú.

"Rárá o, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yí i padà."

"Kí ló ní?" ni Màmá bi mí.

"Ó ní òun fẹ́ fi òmíràn sílẹ̀ láìdáhùn, Mà."

"Irú ìdánwò wo lèyí? Àbí ọ̀lẹ ni?"

"Rárá, Mà. Bó bá kùnà ọ̀kan, wọ́n á yọ nínú èyí tó ti gbà."

Màmá ní, "Ìjọba ilẹ̀ wọn gbọ́n o. Bí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ríran nínú ìjọ, gbogbo ibí yìí ì bá pa rọ́rọ́."

Ẹ̀rín sọ. Lẹ́yìn náà, ó tún gbé ọwọ́ lé e lórí. "Olúwa, èyí tó bá mọ̀, jẹ́ kó rántí. Èyí tí kò bá mọ̀, bá wa di ọwọ́ rẹ̀ mú." Àmín ọmọ náà ló dún jù.

Lọ́jọ́ tó ṣe ìdánwò náà, ó pè mí láti ilé bàbá rẹ̀.

"Àǹtí, mo fi púpọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo fi sílẹ̀ jù."

"Ṣé o mọ̀ wọ́n?"

"Rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí a fi ń retí èsì, bí mo bá ń so ẹ̀rọ mọ́ aláìsàn lára, ọkàn mi á máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn. Bóyá ó mọ díẹ̀ nínú wọn. Bóyá mo ti kọ́ ọ ní dídákẹ́ jù. Ó ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ rẹ̀ sí Dallas sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wà níbi iṣẹ́, ní àkókò oúnjẹ, nígbà tí fóònù dún.

"Àǹtí, mo yege. Mo wọ ìpele kejì."

Mò ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sunkún. Mo di ojú mi níbi tí mo jókòó sí, mo dúpẹ́. N kò mọ̀ bóyá àwọn tó dáhùn ló gbà á là, tàbí àwọn tó fi sílẹ̀. Mo dúpẹ́ fún méjèèjì.

Nígbà náà ló wá sọ èyí tó kù. Ìdánwò kíkọ kò jìnnà mọ́, ó sì gba gbogbo ọjọ́ èèyàn. Kò ní padà wá. Ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ tí òun fi sílẹ̀ lọ́wọ́ mi wọlé, kí n bá òun kó ẹrù òun.

Mo kó o lọ́jọ́ tí n kò lọ síbi iṣẹ́. Mo di àwọn ìwé rẹ̀ sínú páálí láti fi ránṣẹ́ sí i, mo fi àwòrán òrìṣà wọn sí i láàárín aṣọ kó má baà fọ́, mo kó ìrẹsì àti ata rẹ̀ lọ sí kíṣìnì mi. Ìyókù, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọmọ mi mọ̀ ní Arlington. Lẹ́yìn náà, mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ọ́fíìsì àpátímẹ́ǹtì. Mo sọ fún obìnrin tó gbà á pé ọmọ náà ti yege. Kò mọ ohun tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ kú oríire. Mo bá ọmọ náà gbà á.