Ikú Páálí Bàtà Auntie Bísọ́lá

Ó mà ṣe o! Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi kéde ikú páálí bàtà kan, tó kú ní Thamesmead lọ́jọ́ Túsìdeè. Ọkọ̀ akólẹ̀ ló gbé e lọ.

Auntie Bísọ́lá, ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ dákẹ́ nìyẹn. Inú páálí náà ni gbogbo lẹ́tà tí òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan kọ sí yín fún ogún ọdún wà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí i láti Iléṣà, nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ tíṣà, pé obìnrin inú ìwé rẹ̀ kò lè se ẹ̀wà jinná láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dáhùn pé òótọ́ ni. Bí ọ̀rẹ́ yín ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ẹ dé ìlú òyìnbó níbí, tí ẹ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Belvedere, inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń dá a lóhùn. Ẹ máa ń sọ fún mi pé, "Ẹni tó kọ̀wé sí ọ ti jókòó tì ọ́. Má dìde láìdá a lóhùn."

Òǹkọ̀wé náà kú. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà kó ìwé rẹ̀ jọ. Kódà bébà tó kọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà sí ní fáìlì tirẹ̀, nínú yàrá tútù. Àwọn lẹ́tà yín náà wà níbẹ̀. Nítorí pé Bísọ́ nìkan lẹ máa ń fi parí lẹ́tà, wọ́n kọ ọ́ sára fáìlì yín pé: "Bísọ́, obìnrin ará Áfíríkà kan, a kò mọ̀ ọ́n." Mo rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kà á fún yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú yín. Wọ́n ní tí a bá fi ẹyọ kan ránṣẹ́ nínú lẹ́tà tó kọ sí yín, tó ní orúkọ yín ní kíkún, àwọn yóò tún un kọ. Ẹ ní kí n wá mú un lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ dákẹ́.

Uncle Láyí, àbúrò yín, gba kọ́kọ́rọ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí ẹbí yóò fi pín ẹrù. Wọ́n pín in o. Wọ́n jà lórí ìkòkò. Wọ́n jà lórí ẹ̀wù òtútù tí kò bá ẹnì kankan mu. Nígbà tí mo bèèrè páálí, Uncle ní, "Ìwé àtijọ́ yẹn? Mo ti kó o síta fún akólẹ̀. Ta ló ń ka lẹ́tà òkú, ìwọ ọmọ yìí?"

Inú ń bí mi, mi ò ní torí ìsìnkú purọ́. Àlejò tí kò mọ̀ yín gbé ìwé yín bí ẹni gbé ẹyin. Àwa tí a mọ oríkì yín la kó yín dà sí ilẹ̀.

Mo ti kọ orúkọ yín ní kíkún ránṣẹ́ sí wọn, Auntie mi. Wọ́n ní ẹ̀rí dà. Ẹ sùn re o, ẹ̀yin tí a mọ̀.

Dáre, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín.

ÌKÉDE: Ìgbìmọ̀ ìsìnkú ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ ọ́ di mímọ̀ pé obìnrin tó wà nínú àwòrán iwájú ìwé ètò ìsìnkú yìí kì í ṣe olóògbé. A kò rí àwòrán olóògbé kankan nílé mọ́. Àbúrò wọn obìnrin ló wà nínú àwòrán náà, ó sì wà láàyè. Ẹ má jẹ́ kí èyí dí ẹkún yín lọ́wọ́.