Ìpàdé tí A Bọ́ Bàtà Lọ Ṣe

Ilé-iṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí Free Zone ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ṣàlàyé fún àwọn tó fẹ́ wá dá okòwò sílẹ̀ pé ilẹ̀ ń wọ́n sí i, ilé ń ga sí i, owó sì ń wọlé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló jẹ́ kí n rí i pé ibi tó ń lówó lè má tíì dára.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé nínú ẹ́sítéètì kékeré kan tí kò jìnnà sí Thomas Estate, àwọn sì ni alága àwọn onílé ibẹ̀. Alhaji ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Wọ́n lágídí, wọ́n sì fẹ́ràn àwàdà, èyí tó mú kó ṣòro láti mọ ìgbà tí inú ń bí wọn.

Ìjọ aláṣọ funfun kan wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa, wọ́n sì ti ní ilé àgbẹ̀bí níbẹ̀ kí àwa tó dé. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ẹ́sítéètì wa, wọ́n fi yanrìn kún ilẹ̀ kó lè ga, wọ́n sì mọ fẹ́ǹsì dí ọ̀nà tí omi ń gbà lọ sí ọ̀sà. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti rọ̀, ilé àgbẹ̀bí ni omi ń yà sí. Ìyá Àgbẹ̀bí wá bẹ̀ wá pé kí á dá ihò lu fẹ́ǹsì, kí á la gọ́tà gba ọ̀dọ̀ wa kí òjò ńlá tó dé, torí àwọn aboyún tí oṣù wọn ti pé. Àwọn onílé kọ̀. Wọ́n ní gọ́tà máa já owó ilé wálẹ̀.

Bàbá mi ò bá wọn jiyàn. Pálọ̀ wa la ti máa ń ṣèpàdé, nínú atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n kàn kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ilé àgbẹ̀bí la ti máa ṣe èyí tó kàn.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Àgbẹ̀bí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín. Ilẹ̀ mímọ́ ni." Bí àwọn aláṣọ funfun ṣe ń ṣe nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn jà sí i. Àwọn ọ̀gá ńlá bọ́ bàtà olówó gọbọi, wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n tẹsẹ̀ bọ omi dúdú tó tutù. Àwọn ará ìjọ ti fi búlọ́ọ̀kù gbé àwọn bẹ́ẹ̀dì sókè. Aboyún kan jókòó sórí ọ̀kan, ó ká ẹsẹ̀ sókè, ó ń kí wa káàbọ̀.

Ojú tì mí. Gbogbo ohun tí mo fi ń yangàn níbi iṣẹ́ ló wà ní òdìkejì fẹ́ǹsì. Nínú gbogbo rẹ̀, omi nìkan ló dé ọ̀dọ̀ obìnrin yìí.

"Chairman, kí la máa jókòó lé?" ni ọkùnrin kan bèèrè.

"Ẹ má jókòó," bàbá mi dáhùn. "Agenda kan ṣoṣo la ní. Ibo ni omi yìí máa gbà?"

Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó ilé mọ́. Iwájú ilé ta ni gọ́tà máa gbà ni wọ́n wá ń fà. Bàbá mi ní kó gba iwájú tiwa. Ibẹ̀ ni òdòdó tí màmá mi gbìn kí wọ́n tó kú wà, bàbá mi fúnra wọn ló ń bomi rin ín. Mo fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Daddy, òdòdó Mummy ńkọ́?"

"Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ìyá ẹ bí gbogbo yín sí," ni wọ́n wí.

A la gọ́tà náà. Nígbà tí òjò ńlá dé, bàbá mi wọ bùútù, wọ́n lọ dúró tì í, wọ́n ń wo omi bó ṣe ń kọjá. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohùn Ìyá Àgbẹ̀bí gba ojú ihò fẹ́ǹsì wá: "Alhaji, ó ti bí o. Ilẹ̀ gbẹ."

Bàbá mi wo ilẹ̀ tí omi ń gbà kọjá, níbi tí òdòdó màmá mi wà tẹ́lẹ̀.

"O gbọ́?" ni wọ́n wí. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.